Bíbélì tó kún fún ẹ̀rí tí mo rà ní Lágere: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí mò ń lọ. Bíbélì náà dáa. Fọ́tò inú ẹ̀ dáa, àlàyé ẹ̀ dáa, ó sì kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò mọ̀ rí láti ọdún 14 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ rà á, pé kò sí oníyèméjì tó máa kà á tí ò ní gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fowó yín jẹun. ₦42,000 ni mo rà á. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló, owó tó bá jáde lọ́wọ́ mi, mo máa ń lóṣòó tì í títí á fi mú èrè ẹ̀ wálé ni, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Lágere, níbí ní Ifẹ̀, ni mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó tẹ ìwé, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá. Bíbélì òyìnbó ni o, kì í ṣe ti Yorùbá, kì í sì í ṣe ti Ẹlẹ́rìí Jèhófà, torí mo sọ fún ẹnì kan pé mo ra "Bíbélì ẹlẹ́rìí", ló bá ní ṣé mo ti yí ìjọ padà ni. Bíbélì tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, àmọ́ wọ́n fi fọ́tò àti àlàyé há a láàárín, nípa gbogbo nǹkan tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Ísírẹ́lì, ní Íjíbítì, ní Jọ́dánì. Bọ̀bọ́ tó ń tajà níbẹ̀ lẹ́nu bí i pásítọ̀. Ó ní, "Mà, ẹ gbé eléyìí lé ẹni tí ò gbà pé Ọlọ́run wà lọ́wọ́, ẹnu ẹ̀ máa wọhò." Èmi náà sì nílò kí ẹnu ẹnì kan wọhò lásìkò yẹn, ni mo bá tẹ tíráńsífà.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni àbúrò mi tó kéré jù, ó wà ní OAU, Jiọ́lọ́jì ló ń kà, ó ti wọ pátì fọ́ọ̀. Ọmọ tó máa ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé, ó ti tó ọdún méjì báyìí tí kò débẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, gbogbo wa wà nílé ní Iléṣà, Mọ̀ọ́mì ní kó gbàdúrà sí oúnjẹ, ó ní òun ò lè máa bá ẹni tí òun ò dá lójú sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, lójú ìrẹsì àti adìyẹ! Mọ̀ọ́mì ò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹ̀rí kan hàn mí, ẹyọ kan péré, mo máa padà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ₦42,000 dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé náà fúnra ẹ̀ ná. Ó wúwo bí i bulọ́ọ̀kù. Bébà inú ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé fọ́tò ẹ̀yìn máa ń hàn sójú, tí ẹ bá ń ka Sáàmù ẹ máa rí òjìji ràkúnmí lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà àlàyé ìsàlẹ̀ kéré, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún máa nílò jígí, èmi fóònù ni mo fi ń yà á kí n tó fẹ̀ ẹ́. Máàpù ẹ̀ ló dáa jù, àwọ̀ ẹ̀ dúró, ẹ máa rí òkè, ẹ máa rí àfonífojì, ẹ máa mọ̀ ibi tí Jẹ́ríkò fi sìsàlẹ̀ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló burú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ẹ́kísódù fi já kúrò lára àwọn yòókù. Mo gbé e padà lọ bá bọ̀bọ́ ẹlẹ́nu dídùn, ó wò ó, ó ní, "Mà, ẹ kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́." Gọ́ọ̀mù! Lórí ₦42,000! Ìràwọ̀ kan ti lọ nìyẹn.

Ó yá, ohun tó wà nínú ẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìwé Òkun Òkú. Ní 1947, àwọn darandaran ń wá ẹran wọn nítòsí Òkun Òkú, wọ́n bá ìkòkò nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, ìwé awọ tí wọ́n ká wà nínú ẹ̀. Títí wọ́n fi wá gbogbo àgbègbè yẹn tán, ihò 11 ni wọ́n ti bá irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, ìwé Àìsáyà ni látòkè délẹ̀, ó gùn ju mítà 7 lọ, ó sì ti wà kí wọ́n tó bí Jésù. Ohun tó fi jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé odindi Bíbélì Hébérù tó pẹ́ jù tó wà lọ́wọ́ wọn títí dìgbà yẹn, nǹkan bí ọdún 1008 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni wọ́n kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín méjèèjì! Tí wọ́n sì fi wọ́n wéra, Àìsáyà kan náà ni, yàtọ̀ sí sípẹ́lì àtàwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo pariwo nínú yàrá mi, ọkọ mi rò pé ejò wọlé ni.

Ìwé náà tún ní fọ́tò òkúta Pílátù tí wọ́n rí ní Kesaríà ní 1961, àwọn kan ti gbé e sí àtẹ̀gùn nílé ìṣeré láyé àtijọ́ láìka orúkọ tó wà lára ẹ̀ sí. Ó tún ní ti Tel Dan, òkúta tó ti fọ́ tí wọ́n rí ní 1993, ọba kan tó jẹ́ ọ̀tá Ísírẹ́lì ló ní kí wọ́n kọ ọ́, ó ń fọ́nnu nípa àwọn tí òun ṣẹ́gun, ó wá dárúkọ "ilé Dáfídì". Kí wọ́n tó rí ìyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé wà tó ń sọ pé àlọ́ ni Dáfídì, bí ẹní ń sọ ti Ìjàpá. Lẹ́yìn ẹ̀, díẹ̀ ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí n má parọ́, ẹ̀rí máa ń yí ènìyàn padà o, ó ti yí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn padà lórí Dáfídì. Ọkàn mi balẹ̀, mo fi náílọ́nù bò ó, mo gbé e lọ fún àbúrò mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ náà kà á o. Mi ò rò pé ó máa kà á. Ọjọ́ kẹsàn-án ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ní Mayfair, a ra àmàlà, ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ti Pílátù, òun ò sọ pé Pílátù ò sí rí. Ó ní ti Dáfídì, òun gbà, ọba kan wà tó ń jẹ́ Dáfídì, Oòni náà wà láàfin, ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá wá sọ pé Oòni àkọ́kọ́ ṣe náà ló ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Mo ní ti Àìsáyà ńkọ́, tí wọ́n dà kọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún láìtàsé? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní mo kọ lẹ́tà pé ẹ jẹ mí ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n wá da lẹ́tà yẹn kọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kọ́mà kan ò sọnù. Ṣé ẹ máa san án?"

Èmi, ọmọ òṣómàáló, kí n san mílíọ̀nù méjì tí mi ò jẹ. Mo gbé òkèlè sẹ́nu kí n lè rí nǹkan ṣe.

Ó tún wá yọ fóònù, ó fi hàn mí pé mùsíọ́ọ̀mù Bíbélì tó wà ní Washington ní àjákù ìwé Òkun Òkú 16, ní 2020 àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ayédèrú ni gbogbo ẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù yẹn fúnra wọn ló sọ ọ́ síta. Bíbélì mi ò fẹnu bà á rárá, mi ò sì lè bá wọn wí, ta ló máa polówó ọjà tó bàjẹ́? Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo ní kí n bínú sí àwọn oníjìbìtì yẹn, àbúrò mi ni mo bínú sí.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé ìwé lọ fún Mọ̀ọ́mì ní Iléṣà, pé ó kéré tán ẹnì kan nínú ilé á gbádùn ẹ̀. Mo ń tú u fún wọn ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé Jẹ́ríkò, mo ṣàṣìṣe, mo ka àlàyé kékeré ìsàlẹ̀ jáde pẹ̀lú. Obìnrin kan, Kathleen Kenyon, gbẹ́ ibẹ̀ láàárín 1952 sí 1958, ó ní odi tó wó níbẹ̀ ti wó ní nǹkan bí 1550 ṣáájú Kristi, pé lásìkò tí wọ́n máa ń fi Jóṣúà sí, kò sí ìlú olódi gidi kan níbẹ̀ láti wó. Mo dákẹ́, mò ń wo ojú Mọ̀ọ́mì. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ ni. Wọ́n ní, "Kò gbẹ́ ibi tó yẹ." Ó parí. Mo ní Mọ̀ọ́mì, ọdún mẹ́fà ló fi gbẹ́ ẹ o. Wọ́n ní, "Ká ní ó bèèrè ọ̀nà ni." Wọ́n bu omi sí ẹ̀wà.

Kí ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ni Mọ̀ọ́mì mi. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ìgbàgbọ́ wọn dúró lé kì í ṣe Jẹ́ríkò ni, Òkè-Ooye ni. Ẹ̀yin ará Iléṣà mọ ìtàn yìí: Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ohùn ní 1928, òun ló ṣe ìsọjí ní Òkè-Ooye ní July 1930, tí gbogbo ayé ya lọ síbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń gbé omi wá fún àdúrà, tí wọ́n ń kó òrìṣà jáde sínú iná. Wọ́n gbé ìyá Mọ̀ọ́mì débẹ̀ lẹ́yìn, ọmọdé ni wọ́n, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn bọ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Mọ̀ọ́mì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni Mọ̀ọ́mì sọ ọ́ fún wa. Tí ẹ bá gbẹ́ Jẹ́ríkò títí di ọ̀run, ẹ ò lè gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn kúrò.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn yẹn, èyí tí a máa ń rẹ́rìn-ín sí nílé tí mi ò sì rò jinlẹ̀ rí títí di ìgbà tí mo ra ìwé yìí. Ẹni tó gbé ìyá Mọ̀ọ́mì lẹ́yìn lọ sí Òkè-Ooye, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni. Ó wà níbẹ̀. Ó rí gbogbo ohun tí àwọn yòókù rí. Ó padà sílé, ó ní ọkùnrin yẹn lágbára gan-an, ó pa ajá fún Ògún ẹ̀, ó sì ń bọ ọ́ títí ó fi kú. Ẹni tí ojú ara ẹ̀ rí i o! Mo wá rántí Lúùkù 16 ẹsẹ 31, ibi tí Ábúráhámù ti sọ fún olówó tó wà nínú iná pé tí àwọn ará ilé ẹ̀ ò bá ti gbọ́ ti Mósè àtàwọn wòlíì, bí ẹnì kan tilẹ̀ jí dìde nínú òkú, wọn ò ní gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Bíbélì tí mo rà gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dúdú, wọn ò fi fọ́tò kankan sí i. Ká ní wọ́n gbé e sẹ́yìn páálí ni, wọn ò bá ti tà á fún mi.

Mo sọ ọ́ fún Álífà tó ń ṣe fótókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní irú ẹ̀ wà nínú Kùránì, súrà 6 ẹsẹ 7, pé tí Ọlọ́run bá sọ ìwé kalẹ̀ tí àwọn èèyàn sì fọwọ́ kàn án, àwọn aláìgbàgbọ́ á ní idán ni. Wọ́n wá sọ ti ewé Kùránì méjì kan tó wà ní yunifásítì Birmingham, tí wọ́n kéde ní 2015 pé àyẹ̀wò káábọ̀nù gbé awọ tí wọ́n kọ ọ́ sí láàárín 568 sí 645, ìyẹn ni pé ẹran yẹn lè ti wà láyé lójú Ànábì fúnra wọn. Àwọn Mùsùlùmí yọ̀. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn tí ò gbà mú 568 yẹn, wọ́n ní ẹ ò rí i bí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó bí i. Awọ ẹran kan ṣoṣo o. Mo bi Álífà pé àwọn ńkọ́, ṣé ó fi kún ìgbàgbọ́ wọn? Wọ́n ní àwọn ti kírun Àsùbáà lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n tó kà á lórí fóònù, àwọn sì tún kírun ọjọ́ kejì.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ sílẹ̀, ká wálé síbí. Mo kó àwọn ọmọ Sọ́ńdè sùkúù mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin (ẹ lọ o, ó dáa ju bí ẹ ṣe rò lọ), ni wọ́n bá ń sọ ti Leo Frobenius fún wa, òyìnbó ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, tó rí orí Olókun àtàwọn orí amọ̀ tí àwọn baba wa mọ. Ẹ̀rí wà níwájú ẹ̀, nílẹ̀ Ifẹ̀, láàárín ọmọ Ifẹ̀. Ó ní àwọn Gíríìkì ló ṣe é, pé Atlantis nìyí, ìlú tí Plato ní òkun bò mọ́lẹ̀. Ohun tó gbé wá nínú orí ẹ̀ láti ilé ló rí. Àwọn orí idẹ tí wọ́n wá hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni wọ́n kó jọ síwájú àwọn òyìnbó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà díẹ̀díẹ̀ pé àwa la ni ín. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín Frobenius. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín dáadáa, mò ń rántí Mọ̀ọ́mì àti ẹ̀wà.

Ìgbà kejì tí àbúrò mi wá, mo ti múra sílẹ̀. Mo ní, kò burú, sọ ẹ̀rí tó o fẹ́ gan-an, kí n lọ wá a. Ó rò ó títí. Ó ní tí ìràwọ̀ bá tò kọ orúkọ òun lójú sánmà ńkọ́, ó tún ní rárá o, òun máa rò pé orí òun ti ń dàrú ni, òun á lọ rí dókítà. Ó wá ní, "Kí n sòótọ́, mi ò mọ̀." Mo yọ̀, mo ní ẹ ò rí i, kì í ṣe ẹ̀rí lo ń wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi? Kí ni wọ́n máa hú tí ẹ̀yin máa fi ṣíwọ́?"

Mo ní kí n dáhùn. Mo ní tí wọ́n bá hú egungun kan ní Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n kọ Jésù sí i lára, kí ni mo máa ṣe? Mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo máa ní Jésù míì ni, orúkọ yẹn pọ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Mo máa ní kò gbẹ́ ibi tó yẹ.

Mi ò sọ ọ́ sí i létí, àmọ́ mo rò pé ó rí i lójú mi. Ó kàn ní, "Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ọsibítù Seventh Day ni wọ́n bí mi sí." Kò kọ́kọ́ yé mi, ló bá ṣàlàyé: ní Amẹ́ríkà, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Miller fi ìwé Dáníẹ́lì ṣírò, àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ gbà pé Jésù ń bọ̀ ní October 22, 1844, ọjọ́ pé, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó dé. Àwọn kan gba ilé wọn lọ. Àwọn míì jókòó tún ìṣirò yẹn wò, wọ́n ní ọjọ́ yẹn tọ̀nà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́run ni wọn ò mọ̀, inú wọn ni ìjọ Seventh Day ti jáde, wọ́n sì kọ́ ọsibítù títí dé Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ẹni tí ò gba nǹkan kan gbọ́. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé Álífà yọjú wò wá.

Kí ni ìwé náà wá ṣe fún mi? Ó ti yí ohun tí mò ń sọ ní Sọ́ńdè sùkúù padà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá dé orí odi Jẹ́ríkò mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé "wọ́n ti lọ wò ó, òótọ́ ni." Mi ò sọ ọ́ mọ́. Mo kàn máa ń sọ ìtàn náà, a máa ń yí àga po lẹ́ẹ̀méje, a máa ń fun fèrè. Mo ṣì ń gbàdúrà láàárọ̀, kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá jẹ́ tíṣà Sọ́ńdè sùkúù, tàbí ẹ fẹ́ràn ìtàn, tàbí ẹ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ẹ rà á, àmọ́ ẹ dúnàá dúrà, torí mo padà gbọ́ pé ₦35,000 ni ẹlòmíì rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ tú u wò lẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ torí ọmọ tàbí àbúrò tí ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni, ẹ fi owó yẹn ra àmàlà, kí ẹ jọ jókòó jẹ ẹ́, ìgbà mélòó kan.

Ìràwọ̀ kan lọ lórí gọ́ọ̀mù, èkejì lọ lórí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Ìwé náà ò sí lọ́wọ́ mi báyìí, ó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, ó ti tó oṣù méjì, ó ní máàpù àti àpáta inú ẹ̀ lòun ń wò. Mo ti ní kó bá mi lẹ Jẹ́nẹ́sísì kó tó dá a padà.